Ẹ Jẹ́ Kí Aago Sùn Dáadáa

Bàbá kan wà ní Sábó Gàrí, ní Zaria, tí aago ọwọ́ Seiko 5 wọn le láti tẹ́ sùn ju ọmọ jòjòló lọ. Aago náà kò lo bátìrì, sípíríǹgì ló ń wà á, bó bá sì ṣe sùn ni yóò ṣe jí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Bó bá dùbúlẹ̀ tó kọjú sókè, orí ṣóńṣó ọ̀pá ni kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ ti ń jó, ara rẹ̀ á fúyẹ́; bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọ̀pá á máa ha, ijó á dínkù, aago á sì sáré tàbí kó wọ́ díẹ̀. Nítorí irú wàhálà yìí ni Breguet, oníṣẹ́ aago, ṣe gba ìwé àṣẹ ní Paris lọ́dún 1801 fún tourbillon, ẹ̀rọ tó ń yí kẹ̀kẹ́ náà ká kí àṣìṣe ìdúró rẹ̀ lè pa ara wọn rẹ́. Ìrọ̀rí kékeré kan ni tourbillon ti Bàbá. Bí aago bá sáré lónìí, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lálẹ́, kó lọ ronú. Ìyá kò gbọdọ̀ mira lórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Bàbá fi aago wé ti rédíò: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀! Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé agbádá wọ̀, ó di ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ géérégé. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni alága wọlé. Bàbá wo ọwọ́, wọ́n mi orí: “Àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, Alága.”