Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alágbẹ̀dẹ tí ó Tún Ìbọn Bàbá-ńlá Wa Ṣe

Bàbá Alágbẹ̀dẹ,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti gbé owú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kíkí wo ni ǹ bá tún kí ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó ti ẹwìrì?

Ọmọ-ọmọ ilé kan tí ẹ bá tún ìbọn ìléwọ́ ṣe ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yìí ni mí. A ò mọ orúkọ yín. A ò mọ ibi tí àgbẹ̀dẹ yín wà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín nìkan ló kù, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé, nítorí kò yé mi rárá.

Orí àjà la ti rí i nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù bàbá wa mọ́, wọ́n fi kíjìpá wé e. Gígùn rẹ̀ tó láti igunpá dé ọmọ ìka. Nígbà tí mo nu ìpẹtà rẹ̀, mo rí àmì róbótó kan bí ẹyin lára irin, lẹ́tà E, L àti G wà nínú rẹ̀, ìràwọ̀ sì wà lábẹ́ wọn. Àmì ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù nìyẹn, níbi tí wọ́n ti máa ń yẹ ìbọn wò kí wọ́n tó tà á. Láti 1893 ni wọ́n ti ń fi adé lé àmì náà lórí. Tiwa ò ládé. Àìládé yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti dáyé ṣáájú ọdún náà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ yín. Ìbọn olókúta la kọ́kọ́ mọ̀. Akọ òkúta á gbá irin, iná á ṣẹ́ sínú àwo ẹtù, á gba ihò tóóró kan wọ inú ọ̀pá ìbọn. Bí òjò bá ti rọ̀, ó parí. Ní 1807, àlùfáà ará Scotland kan, Alexander Forsyth, gbàwé àṣẹ lórí ẹtù tí í gbiná bí wọ́n bá gbá a. Nígbà tó yá, wọ́n ń rọ irú ẹtù bẹ́ẹ̀ sínú fìlà bàbà kékeré. Ni àwọn alágbẹ̀dẹ Yúróòpù bá ń gé àwo ẹtù dànù lára ìbọn olókúta, wọ́n ń fi ọmú irin dípò rẹ̀, kí fìlà lè rí ibi jókòó.

Tiyín ńkọ́? Ìbọn tó ti dé fìlà, ẹ ṣí fìlà lórí rẹ̀! Ẹ fi idẹ dí ibi tí ọmú wà, ẹ lu ihò tuntun, ẹ wá yọ àwo ẹtù lára ṣakabùlà tó tóbi jù ú lọ, ẹ kàn án mọ́ ọn. Ó bá a mu bí bàtà bàbá ṣe ń bá ọmọ ọdún mẹ́ta mu. Mi ò ní purọ́, mo fi yín rẹ́rìn-ín. Mo ní irú alágbẹ̀dẹ wo ló ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sọ́jà?

Ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi gbẹ lẹ́nu mi. Ní 1890, àwọn òyìnbó fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels, wọ́n ní nínú Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù, ìbọn olókúta gbẹ̀rẹ́fu àti ẹtù lásán ni kí wọ́n máa jẹ́ kó wọlé. Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn bàbá wa jà ní Ìmágbọn, wọ́n sì gba Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú fi ń yan ohun tí yóò kọjá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Níbo lẹ fẹ́ ti máa rí fìlà ìbọn rà? Òkúta ìbọn ní tirẹ̀ ń ti Brandon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Áfíríkà títí kọjá 1900. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn lẹ rò, Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ìbọn tí a rí oúnjẹ rẹ̀ rà ni ìbọn.

Ṣùgbọ́n kí ni ti ìṣó idẹ mẹ́ta tó wà ní ìdí rẹ̀, lápá òsì? Méjì tò, ẹ̀kẹta yà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyàwó tó ń bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ni. Tíṣà kan ní igi ló sán tí ẹ fi dè é. Mo gbé e sí oòrùn, mo fi èékánná tọ ojú igi náà, kò sán níbì kankan. Àbí ìṣó ló ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́? Ìjẹ̀bú ò kúkú ń fi nǹkan ṣòfò.

Èyí tó wá dà mí láàmú jù ni òjé. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn, ẹnìkan yọ́ òjé, ó fi dí ihò iná tí ẹ lu pátápátá. Ìbọn náà ò lè dún mọ́ (ọlọ́pàá, ẹ fọkàn balẹ̀). Ojú òjé náà dán, kò kán sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ tó ṣe é mọṣẹ́. Ó jọ ọwọ́ yín. Ṣé bàbá-ńlá wa ni kò sanwó iṣẹ́ tán?

Ẹ̀yin ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, bí ẹ bá ti gbọ́ nílé yín rí pé ẹnìkan jẹ bàbá-ńlá yín lówó ìbọn, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ ṣáà mú ẹni tó mọ ìtàn ìṣó ẹ̀kẹta yẹn dání.

Èmi ni,
Ọmọ-ọmọ ẹni tí a fura sí.