Àjànàkú Kọjá, Wọ́n Ní Àga Ni

Àwọn àgbà tó ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí" kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí erin yóò gba Èkó kọjá tọ̀sán-tọ̀sán, tí ìwé olóǹtẹ̀ yóò sì jẹ́rìí pé àga ló kọjá. Lójú tiwọn, ẹni tó rí erin kò ní àwáwí. Ẹranko tó ń wó igi bó ti ń lọ, ta ni yóò ní òun kò rí i dáadáa? Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Wọn kò ro ti kọ̀ńténà mọ́ ọn.

Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2021, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá kọ̀ńténà kan dúró ní èbúté Apápá. Ìwé ẹrù ní èlò àga ló wà nínú rẹ̀, Vietnam ló sì ń lọ. Igi ló kọ́kọ́ fojú hàn lóòótọ́. Lẹ́yìn igi ni eyín erin wà, pẹ̀lú egungun kìnnìún àti àpò ìpẹ́ akika 162. Gbogbo ẹrù náà tó kílò 8,800. Ẹni tó kọ ìwé náà rí erin, ó rí kìnnìún, ó rí akika, ó wá fi bírò rẹ̀ kọ ọ́ pé àga lòun rí.

Ti ọdún 2019 tún dùn ún gbọ́ ju ìyẹn lọ. Ní Oṣù Kẹrin ọdún náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba Singapore mú kọ̀ńténà méjì tó gbéra láti Nàìjíríà. Tọ́ọ̀nù 12.9 ìpẹ́ akika ló wà nínú àkọ́kọ́, tọ́ọ̀nù 12.7 nínú ìkejì. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé akika bí 38,000 ló kú kí ẹrù yẹn tó kún. Kí ni ìwé sọ? Ọ̀kan ní irúgbìn kásíà ni. Èkejì ní ẹran màlúù dídì ni.

Ẹran màlúù dídì! Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irọ́ yìí ti dán tó lọ sí ilé ìpẹran tó wà ní Oko-Ọba, l'Ágége. Òkè Ọya ni tírélà ti ń kó màlúù wá síbẹ̀, ìrìn ọjọ́ pípẹ́, kí ọbẹ̀ Èkó má bàa ṣófo. Bí ẹnì kan bá sọ fún alápatà kan níbẹ̀ pé Nàìjíríà ti jẹ ẹran màlúù yó, pé èyí tó ṣẹ́kù ló ń dì ránṣẹ́ sí àwọn ará Vietnam, alápatà náà yóò kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun láàárọ̀. Ohun tí ẹni tó ń ta ṣàkì kò lè gbà gbọ́, òǹtẹ̀ gbà á gbọ́.

Irọ́ orí ìwé yìí kì í ṣe tòní. Ní 2002, ọmọ górílà mẹ́rin balẹ̀ sí ọgbà ẹranko Taiping ní Malaysia. Ìwé tó tẹ̀lé wọn láti Nàìjíríà ní inú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí. Kò burú. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé górílà kan ṣoṣo ló wà ní ọgbà Ìbàdàn nígbà náà, abo ni, ó sì ti darúgbó. Bí ìyá àgbà ṣe lóyún láìní ọkọ, tó fi bí mẹ́rin, ìwé kò sọ. Inú igbó ni wọ́n ti jí àwọn ọmọ náà gbé, Kamẹrúùnù ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ń tọ́ka sí. Méjì nínú wọn ń jẹ́ Tinú àti Oyin. Bó bá ṣe pé orúkọ ni ìwé ìbí, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n. Nígbà tí ariwo pọ̀, Malaysia fi wọ́n ránṣẹ́ sí Pretoria ní 2004, ó sì di Oṣù Kọkànlá 2007 kí wọ́n tó dé Limbe, ní Kamẹrúùnù.

Òwe mìíràn tún wà nípa erin, èyí tó ní ọjọ́ ikú erin là ń rí onírúurú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ti di òǹtẹ̀ báyìí. Láti pápákọ̀ òfurufú Ikẹja dé Ọba Akran, láti Orégùn dé Ọ̀gbà, ìwé ẹrù ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn: ajẹ́ńtì, akọ̀wé, onílé ìkẹ́rùsí, awakọ̀ tírélà. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹrù erin kì í gba ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọjá, àfi ọwọ́ púpọ̀, olúkúlùkù á sì ní tòun kéré. Ẹni tó tẹ ìwé ní ohun tí wọ́n pè fún òun lòun tẹ̀. Ẹni tó buwọ́ lù ú ní òun kò ṣí àpò. Awakọ̀ ní ọ̀nà lòun ń wò. Gbogbo wọn rí nǹkan fìrí.

Kí a má purọ́ mọ́ Ikẹja, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pe erin ní erin. Ní 2018, ẹ̀ka kọ́sítọ́ọ̀mù tó fi Ikẹja ṣe ibùjókòó kó eyín erin 218 síta fún àwọn oníròyìn, pẹ̀lú ìpẹ́ akika tó tó tọ́ọ̀nù méjì. Bí eyín náà bá jẹ́ odidi, tí erin kọ̀ọ̀kan sì ní méjì, erin 109 nìyẹn. Iye erin tí wọ́n gbà pé ó kù ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 400.

Bí a bá bọ́ aṣọ òyìnbó kúrò lára ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, àṣẹ inú òwe àkọ́kọ́ yẹn náà ló kù: sọ ohun tí o rí, sọ iye rẹ̀, sọ ibi tí o ti rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Wasser ti Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣa imí erin jọ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n yọ DNA inú rẹ̀, wọ́n sì fi ya àwòrán ilẹ̀ tó ń sọ irú erin tó wà níbi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjọba bá gba eyín erin lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ẹgbẹ́ Wasser á gé díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á fi DNA rẹ̀ wé ti imí. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2015 fi hàn pé ààlà Kamẹrúùnù, Kóńgò àti Gabon ni ọ̀pọ̀ eyín erin igbó kìjikìji tí wọ́n gbà láàárín ọdún mélòó kan ti wá. Imí erin jẹ́wọ́ ohun tí ìwé ẹrù fi pamọ́.

Ọmọ Nàìjíríà ni Charles Emogor tó kó àkọsílẹ̀ ti akika jọ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo ẹrù akika tí wọ́n gbà tó sì kan Nàìjíríà láti 2010 di Oṣù Kẹsàn-án 2021: kílò 190,407, èyí tó jẹ́ pé akika tí wọ́n pa fún un kò dín ní 799,343. Àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ nìyẹn o. Ti àwọn tó kọjá fìrí kò sí nínú ìṣirò.

Akika kì í sì í ṣe ẹran tó ń bí bí ehoro. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Kò ní eyín lẹ́nu. Ahọ́n gígùn ló fi ń lá èèrà àti ikán. Bí ẹkùn bá dé, yóò ká jọ roboto, yóò fi ìpẹ́ bo ara, ẹkùn á gé e títí, eyín rẹ̀ kò ní ríbi wọlé. Ọgbọ́n tó ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹkùn láti ayébáyé nìyẹn, òun náà ló pa á sọ́wọ́ ènìyàn: ọdẹ kò ní í náwó ọta ìbọn, yóò kàn bẹ̀rẹ̀ gbé e sínú àpò. Ohun tí wọ́n fi dá ìpẹ́ náà, òun ni wọ́n fi dá èékánná. Síbẹ̀, ní 2009, àwọn olùwádìí Soewu àti Ayodele gbé ìwádìí jáde nípa bí àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣe ń lo akika. Ohun tí wọ́n ń lò ó fún lé ní ogójì, wíwá oríire sì wà nínú rẹ̀. Ẹran tí wọ́n ń fi ara rẹ̀ wá oríire fún ènìyàn, orí tirẹ̀ kò gbè é.

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ará Éṣíà, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìgò bíà tútù. Ìwádìí mìíràn tí Emogor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025, láti agbègbè Cross River, da omi tútù sí wọn lára. Nítorí ẹran ni àwọn ọdẹ ṣe ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú akika tí wọ́n ń pa. Ọ̀pọ̀ ìpẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dà nù. Ẹni tó wà ní abúlé tí kò rí ẹran mìíràn jẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ti ra adìẹ, tó ti ra tòlótòló, tó tún ń bi olóúnjẹ bóyá "ẹran ìgbẹ́" wà nínú pẹ́pẹ́-súùpù, kí ni tirẹ̀? Kò béèrè irú ẹran tó jẹ́. Òun náà kò fẹ́ rí ju fìrí lọ.

Àwọn ilẹ̀ Ikẹja àti Agége tí ilé iṣẹ́ dúró lé báyìí kì í ṣe aṣálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igbó ni Agége. Ní 1907 tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀, tí àgbẹ̀ kan, J. K. Coker, sì ní oko ńlá sí Ifàkọ̀, kòkó àti obì ló gba ipò igi igbó. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ sí Ikẹja. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn jà. Kòkó ló rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n erin tó kù nítòsí ti di ti igbó Ọmọ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí UNESCO ti kà kún àwọn ibi tó yẹ kí a dáàbò bò láti 1977, tí ẹ̀ṣọ́ igbó sì ń bá àwọn tó ń gbin kòkó fà á títí di òní. Erin igbó ló ń gbé èso ńláńlá mì, tó ń lọ yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sí ibi jíjìn. Igi mìíràn wà tí kò ní ẹranko mìíràn tó tóbi tó láti gbé kóró rẹ̀ lọ.

Òfin wà. Ti 1985 ní kí ẹni tó kọ́kọ́ rú u san ẹgbẹ̀rún náírà kan, ó sì di 2016 kí wọ́n tó sún un dé mílíọ̀nù márùn-ún. Ní 2023 ìjọba dáná sun ìpẹ́ akika bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin l'Ábújá. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n lọ eyín erin tọ́ọ̀nù 2.5 di lẹ́búlẹ́bú. Ní 28 Oṣù Kẹwàá 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tuntun. Ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n apá tó yẹ kó ba àwọn kan lẹ́rù ni èyí tó fún olùwádìí láṣẹ láti tọ owó lẹ́yìn. Awakọ̀ àti ẹni tó di àpò ni ọwọ́ sábà máa ń tẹ̀. Ẹni tó sanwó "ẹran màlúù dídì" wà nílé rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sì wà ní báńkì.