Wọ́dúróòbù Tó Lé Ìyá Ọkọ Lọ

Mo ní mi ò ní sọ ọ́, àmọ́ inú mi ò gbà á. Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Akówọnjọ níbí, mi ò ní dárúkọ. Lóde, gèlè rẹ̀ kì í wọ́. Ẹ wá wo inú ilé!

Oṣù Kẹfà tí òjò ò jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ ló ní kí n bá òun yẹ aṣọ ìdána wò. Mo ṣí wọ́dúróòbù. Òórùn! Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu, ó hu irun funfun, ibòmíràn dúdú, ibòmíràn rí bí ewédú àná. Etù tí wọ́n fi gbé e níyàwó ti ní àmì tótòtó. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ṣáà fi káńfọ̀ sí i." Káńfọ̀! Aáyán la fi ń lé; kí ló kàn án pẹ̀lú ohun tí ọ̀rinrin hù?

Ó sì ti mọ̀ láti èṣín o. Ọ̀dà ló ní kí wọ́n fi kùn ún, lórí pákó tútù! Wọ́dúróòbù lẹ̀ mọ́ ògiri balùwẹ̀, páìpù ń jò nínú ògiri, fèrèsé kì í ṣí kí ará ilé kejì má baà yọjú.

Yàrá yẹn lọmọ rẹ̀ ń sùn, tó ń hú ikọ́ mọ́jú. Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Ìyá ọkọ! Wọ́n ní ọwọ́ ìyá ò mọ́. Arúgbó di ẹrù, ó wọ bọ́ọ̀sì Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀, eruku ohun tó bu máa ń ta ikọ́ àti àsìmá jí.

Ni ìyá ọmọ bá tún da Jik pọ̀ mọ́ oògùn ìfọṣálángá. Èéfín olóró lé gbogbo wa síta! Jik fúnra rẹ̀, òkè pákó nìkan ló ń bó. Omi inú rẹ̀ ń wọ igi lọ, ohun tó bu a sì rí mu.

Káfíńtà ló gbà wá. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dí páìpù. Ó ya pláìwúùdù ẹ̀yìn dànù, ó gbé ìyókù síta, ó fi aṣọ bo imú, ó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́. Ó sá a títí ó fi gbẹ dé inú kó tó kun fáníìṣì, kò sì jẹ́ kó fara kan ògiri mọ́.

Ọmọ ti ń sùn báyìí. Ìyá ọkọ ṣì wà ní Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni ò tíì pè é. Lánàá ni ìyá ọmọ wá yá etù mi. Mo ní mi ò rí kọ́kọ́rọ́ àpótí.