Àbíkú Tó Sọ Aṣòfin Dèké

Láti ìdájí ni mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì mi kalẹ̀ ní ilé epo kan, tí mo fi okùn so ó mọ́ ti ẹni tó wà níwájú mi kí ẹnikẹ́ni má baà gba ààyè mi; nígbà tí oòrùn sì kan àtàrí, ọmọkùnrin tó ń ta epo fi páálí bo ẹnu ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá, ó tán." Ó tán, ní ilẹ̀ tí a ti rí epo ní Oloibiri láti ọdún 1956! Ni mo bá jókòó lé kẹ́ẹ̀gì òfìfo, mo ní kí n kúkú ki ẹni tó tọ́ sí kíkì.

Òfin Epo Rọ̀bì, mo júbà! Àbíkú ilé ìgbìmọ̀, ọmọ tó sọ aṣòfin dèké! A bí ọ ní 2008 láyé Ààrẹ Yar'Adua, a pè ọ́ ní Dúrójayé. Ìgbìmọ̀ tó gbà ọ́ tọ́ túká ní 2011, o bá wọn lọ. O tún yà lọ́dọ̀ Jonathan ní 2012, a ní Málọmọ́. Kí 2015 tó parí, o ti di ará ọ̀run. Wọ́n ní bóyá ara rẹ ló wúwo jù, wọ́n là ọ́ sí mẹ́rin; èyí tó kọ́kọ́ rìn nínú rẹ dé iwájú Buhari ní 2018, ó kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Kòsọ́kọ́, tí ọkọ́ kò wọ́n fún un rí! Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 2021 ni o tó gbà láti di Bánjókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí àwọn ológun fi àṣẹ bí ní 1969, láàárín ogun abẹ́lé, kò da ẹnikẹ́ni láàmú báyìí: ó ní ti ìjọba ni gbogbo epo abẹ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Láyé àtijọ́, àwọn àgbà a máa gé òkú àbíkú níka kí wọ́n tó sin ín, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà. Ìwọ tó lọ pẹ̀lú ìka mẹ́wàá, mélòó lo mú bọ̀? Nínú àbá 2012, ìdá 10 nínú 100 èrè àwọn iléeṣẹ́ awapo ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí a ti ń wa epo; nígbà tí o dé ní 2021, ó di 3, kì í sì í ṣe nínú èrè mọ́, bí kò ṣe nínú owó tí iléeṣẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Oníka-mẹ́ta ọmọ Oníka-mẹ́wàá! Oníka-mẹ́ta tó ń fi ṣín-ún-ṣín-ún bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ olóbẹ̀! Síbẹ̀ o fi ọgbọ̀n pamọ́ sẹ́yìn: 30 nínú 100 èrè epo àti gáàsì tó kan NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba, nínú àdéhùn àjọpín ni o yà sọ́tọ̀ fún wíwá epo níbi tí a kò tí ì rí i. Ọgbọ̀n yìí, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ó wà nínú òfin yìí pé bí a bá ba ọ̀pá epo jẹ́ ní ìlú kan, nínú owó ìlú náà ni a ó ti yọ owó àtúnṣe. Ìyá tó ń ṣa ìṣáwùrù nínú ẹrẹ̀ tí epo ti bò, tí kò mọ olè tó fi ayùn rẹ́ irin lóru, òun ni yóò san gbèsè olè. Ìkà ni èyí.

Oníka-mẹ́ta, máa jókòó rẹ. Mo ti ń tú okùn kẹ́ẹ̀gì mi nígbà tí ọmọkùnrin onípáálí na ìka mẹ́ta sí mi lókèèrè, ó ní kí n padà wá ní agogo mẹ́ta.