Tíṣà, Fi Èyí Tó Yẹ Dí Àlàfo

(Ojúdé ilé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé ọmọ rẹ̀ tó ń múra WAEC wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ni lédè Òyìnbó, ayálégbé rẹ̀, ń yọ́ kọjá.)

BÀBÁ: Tíṣà! Bàtà lọ́wọ́, ibọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, níbo lò ń yọ́ lọ?

TÍṢÀ: Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mi ò yọ́ o. Òjò ni mi ò fẹ́ kó pa bàtà.

BÀBÁ: Òjò wo, nínú ọyẹ́? Jókòó. Wọ́n fún Ṣadé ní iṣẹ́ àmúrelé, wọ́n ní kó fi èyí tó yẹ dí àlàfo. Gbọ́ àkọ́kọ́: "The tenant ___ pay his rent every month."

TÍṢÀ: Ìyẹn ò sí nínú ìwé yẹn.

BÀBÁ: Ó wà ńbẹ̀. Èmi ni mo fi báírò kọ ọ́ sí i.

TÍṢÀ: "Might" ni.

BÀBÁ: Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

TÍṢÀ: Ó lè san, ó lè má san. Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.

BÀBÁ: "Must" ni! Kódà, "musts"! Ṣebí ẹnì kan ṣoṣo ni ayálégbé? "He owes", "he runs", "he musts"!

TÍṢÀ: (ó gbàgbé gbèsè) Háà, rárá o! Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í gba "s". "He must, he can, he may." Ẹ ò sì gbọdọ̀ ki "to" bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, àfi "ought".

BÀBÁ: Ó dáa. "You ought to pay."

TÍṢÀ: Ó gún régé! Máàkì kan.

BÀBÁ: Ta ló ń wá máàkì?

TÍṢÀ: Ṣadé ni. Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB máa bi í, 60 ló jẹ́ ti Òyìnbó.

BÀBÁ: Ẹyọ kan ni tèmi: owó mi dà? Gbọ́ ìkejì: "The landlord ___ not remove the roof."

TÍṢÀ: (kíá) "Must"! "Must not"! Èèwọ̀ ni!

BÀBÁ: "Need not" ni. Kò pọn dandan kí n ká páànù. Ṣùgbọ́n bó bá wù mí, mo lè ká a.

TÍṢÀ: Ibi tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń gbé ṣubú gan-an nìyẹn! Ta ló kọ́ yín?

BÀBÁ: Lọ́yà mi ni. Owó oṣù tó kọjá ńkọ́? "You must pay last month"?

TÍṢÀ: "Must" ti dandan ò ní àná, Bàbá. "Had to" la fi ń rọ́pò ẹ̀. Bí mo bá sì ní "I had to pay", ẹni tó gbọ́ á rò pé mo ti san.

BÀBÁ: "Should have paid" ńkọ́?

TÍṢÀ: (ohùn rẹ̀ wálẹ̀) Ìyẹn wọlé. Ó yẹ kó san, kò san.

BÀBÁ: "Could have paid"?

TÍṢÀ: Ìyẹn ni pé agbára ẹ̀ ká a. Kò ká a o, Bàbá, ẹ ṣàánú mi.

BÀBÁ: Jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lábẹ́ fèrèsé mi láti Sátidé ńkọ́? "Somebody must have bought a generator!"

TÍṢÀ: (ó fò sókè) Bàbá! Ẹ mọ "must" kejì! Kì í ṣe ti dandan, ti ẹni tó rí èéfín tó ní iná wà ńbẹ̀ ni. Ọmọ SS3 kì í tètè mọ̀ ọ́n!

BÀBÁ: Nítorí náà, ìwọ lo rà á.

TÍṢÀ: (ó jókòó padà) Ẹ wò ó, mo ti pẹ́ dé ibiṣẹ́. "Can I go, sir?"

BÀBÁ: Ẹsẹ̀ rẹ dá ṣáká, kí ló dé tí o ò ní lè rìn? Báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ àyè?

TÍṢÀ: "May I go, sir?"

BÀBÁ: "You may not."

TÍṢÀ: Ìyẹn pín sọ́nà méjì, Bàbá! Bóyá ẹ ò gbà fún mi ni o, bóyá ẹ kàn ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí n má lọ ni o. Èyí tó wù mí ni n ó mú.

BÀBÁ: Ṣadé! Ti géètì, kí o mú kọ́kọ́rọ́ wá fún mi. Ó yá, Tíṣà, "cannot" ńkọ́? Ọ̀nà mélòó nìyẹn pín sí?