Ìwé Ìlànà fún Ọ̀dẹ̀ Tó Fẹ́ Kó Owó Àtijọ́ Jọ ní Libreville

Mo gbọ́ pé o ti bẹ̀rẹ̀ sí kó owó onírin àtijọ́ jọ. O káre, ọ̀dẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Bí o bá ṣe gbogbo ohun tí mo bá wí, kí ọdún tó yí po, àpò rẹ á ti gbẹ, agolo mílíìkì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ á sì kún fún idẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, má kàwé. Krause, ìwé ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1972, tó ń to owó gbogbo ayé lọ́kọ̀ọ̀kan, má ṣí i. Numista orí íntánẹ́ẹ̀tì tún burú jù ú lọ: kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wò ó, ó sì wà ní Faransé tí o fi ń ná ẹja lójoojúmọ́. Tẹ Gabon sí i báyìí, á kó àwòrán owó síwájú rẹ, pẹ̀lú ọdún, irin tí wọ́n fi rọ ọ́, àti ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù. Ta ló fẹ́ irú ìyọnu bẹ́ẹ̀? Dátà rẹ wà fún bọ́ọ̀lù.

Ọjà Mont-Bouët ni kí o gbà lọ lọ́sàn-án gangan. Wá ẹni tó ń tú aṣọ ìnujú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tú oògùn. Á yọ 100 franc ti 1960, orí Léon M'ba, ààrẹ àkọ́kọ́ Gabon, lára rẹ̀, á ní ogún bàbá bàbá òun ni. Òótọ́ ni pé wọ́n fi wúrà rọ irú rẹ̀ nígbà òmìnira, 32 gíráàmù. Nítorí náà, má wọ̀n ọ́n. Idẹ tó bá tóbi tó o kì í wúwo ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n á kàn ba inú rẹ jẹ́. Màgínẹ́ẹ̀tì ni kí o lò. Kò ní í fà á, ìwọ á sì pariwo pé wúrà ni. Màgínẹ́ẹ̀tì kì í fa wúrà lóòótọ́. Kì í fa idẹ náà. Wá gbé e sún mọ́ 100 franc àwọn ọdún 1970, èyí tó ní orí ìgalà mẹ́ta, tí wọ́n kọ orúkọ Gabon sí. Á gbá a mú ṣinṣin, nítorí níkẹ́ẹ̀lì ni. Sọ ìyẹn nù.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ra M'ba tèmi lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń pè mí ní “grand” léraléra (ìyẹn gan-an ni mo sanwó fún). Alágbẹ̀dẹ wúrà kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, gbé e lé òṣùwọ̀n: 15 gíráàmù ó lé díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó máa ṣe bọ́tìnì o.”

Owó tó bá ti dúdú, fọ̀ ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò. Ha á títí irun orí àwòrán á fi pa rẹ́. Ẹni tó fẹ́ rà á á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á yí i lẹ́ẹ̀kan, á wá bi ọ́ bóyá o ní òmíràn.

Bí o bá rí lẹ́tà D lára 50 franc ti 1976 tí BEAC, báǹkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, gbé jáde, sọ pé dáyámọ́ńdì ni. Àwọn tó ń kàwé mọ̀ pé Gabon ni D, pé A jẹ́ Ṣáàdì, E sì jẹ́ Kamẹrúùnù. Ní ti iye rẹ̀, wá èyí tí wọ́n pe owó rẹ̀ ga jù lórí eBay, kí o pè é ní iye tìrẹ. Má tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ohun tó tà gan-an hàn.

Ó ku ti ilé. Kọ́bọ̀ oníhò tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ nínú àpótí, tí wọ́n kọ 1936 àti orúkọ Edward VIII sí: ọba tí wọn ò dé ládé, tí owó rẹ̀ ò jáde fún níná ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n ná ní ọjà tiwa, torí ihò ló wà níbi tí orí ọba ì bá wà. Fi há abẹ́ ìṣó páànù. Ihò rẹ̀ gba ìṣó dáadáa.