Ọ̀pẹ́lẹ́ngẹ́ Ọkọ Mi, Iṣẹ́ Abẹ Wo Lẹ Fẹ́ Ṣe?

Ọ̀pẹ́lẹ́ngẹ́ ọkọ mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Orí ìkúnlẹ̀ yìí náà ni mo ti fẹ́ bú yín díẹ̀, torí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ibi tó lágbára jókòó sí. Kì í ṣe àga oníke o. A ò tíì gbàgbé ti ọjọ́ ìkómọ nì.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta gbangba. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ ò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa sáré, ohùn mi ń dún bí ti ẹyẹ ẹ̀gà. Lẹ́tà nìkan ló kù tí ẹ ò lè fi eré gbọ́. Ẹ má sì bẹ̀rù ojú ayé: ilé wa nìkan ló mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ngẹ́. Ẹni tó bá rí yín lójú títì báyìí kò lè fura láé.

Èmi náà ni mo sọ yín lórúkọ yẹn, lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ àbísọ, mo sì wò yín láti òkè délẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì yín ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ bí àsíá lára ọ̀pá. Lónìí, kílò 128 ni òṣùwọ̀n ilé mi kà kó tó dákẹ́. Ẹ ga ní mítà 1.75. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí àwọn dókítà ń ṣe: 1.75 lọ́nà 1.75 jẹ́ 3.06, ẹ wá fi pín 128, ẹ ó rí 41.8. Nílùú Ọba níbí, ẹni tó bá ti tó 40, wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹ̀ wò fún un. Ẹni tó wà láàárín 35 sí 40 náà lè bọ́ sí i, bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wà lára rẹ̀. Ìlànà wọn tilẹ̀ gbà kí wọ́n yọ 2.5 kúrò nínú iye náà fún àwa ọmọ Áfíríkà, torí pé àwọn àìsàn wọ̀nyí kì í dúró kí a sanra tó aláwọ̀ funfun kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin kò nílò ẹ̀dínwó kankan. Máàkì yín lé.

Torí náà n kò kọ̀wé láti ní kí ẹ má ṣe é. Mo rí yín nígbà tí ẹ gba ààwẹ̀, mo rí yín nígbà tí ẹ ń sáré ní Burgess Park títí orúnkún fi kọ̀. Ara tó ti tóbi kì í fẹ́ fi ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀. Bí èèyàn bá ti ń jò, ebi á máa pọ̀ sí i, ara á sì máa ṣọ́ agbára ná bí ahun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọ̀bìà nìkan. (Mo ní “nìkan” o.) Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ síbi abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń gún kiri báyìí, mi ò ní bá yín jà. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí a bá dá a dúró, púpọ̀ nínú kílò tó lọ ló máa ń padà wálé, ẹ̀yin tí ẹ sì dákú níwájú abẹ́rẹ́ kòrónà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó bí mi nínú ni èyí tí Bàbá Dọlápọ̀, ẹ̀gbọ́n yín, sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú: pé ẹ ti fẹ́ san owó àsansílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ slíìfù ní Istanbul, torí pé ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ yín ṣe é, ó sì ti ń wọ ṣòkòtò ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi, ṣé aṣọ ẹbí ni? Ṣé ohun tí wọ́n bá ṣáà ti rà ni kí a jọ rà?

Ẹ gbọ́ tèmi, torí mo ti fi pa mọ́ fún gbogbo yín. Ní 2009, èmi ìyàwó yín lọ de bẹ́líìtì mọ́ àpòlúkù. Òrùka rírọ̀ kan ni, wọ́n á fi yí òkè àpòlúkù ká, wọ́n á sì sin ẹnu rẹ̀ kékeré sábẹ́ awọ ikùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó fún, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rọ omi sí i. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan ló ti ṣe é, ìbàdí rẹ̀ sì ti padà sípò. Nígbà yẹn gbogbo ayé ló ń de bẹ́líìtì. Lónìí, díẹ̀ làwọn tó ṣì ń ṣe é. N kò bi ara mi léèrè irú ẹnu tí mo ní. Ẹnu ẹlẹgbẹ́ mi, ẹnu èbà àti ẹran ni. Tèmi, ẹnu áísìkiriìmù ni. Bẹ́líìtì a máa dá èbà dúró bí ọlọ́pàá ojú títì, ṣùgbọ́n áísìkiriìmù a máa kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá. Kílò 14 jò lára mi, 11 padà. Níbi ìgbéyàwó kan ní Old Kent Road, òkèlè kan há mi láyà. Ilé ìtọ̀ gbọ̀ngàn ni mo wà tí alága ìjókòó ń pariwo orúkọ mi pé kí n wá náwó fún ìyàwó. Ní 2015 bẹ́líìtì yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí n kò jẹun, èsì kan ṣoṣo ni mo ní: mò ń gbààwẹ̀. Pásítọ̀ tilẹ̀ fi mí ṣe àpẹẹrẹ lórí pẹpẹ.

Ẹ rí i pé ọ̀ràn aṣọ ẹbí yìí, mo ti dá a rí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo slíìfù tí ẹ fẹ́ràn yìí. Ọwọ́ ẹ̀wù ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Wọ́n á gba ihò wẹ́wẹ́ bíi márùn-ún wọ inú, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù, wọ́n á fi irin wẹ́wẹ́ gán ojú rẹ̀. Èyí tó kù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Apá tí wọ́n gé náà ló ń tú ohun tí wọ́n ń pè ní ghrelin sínú ẹ̀jẹ̀ jù, ìyẹn ìránṣẹ́ tó máa ń lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Ó dára, kò sì pẹ́ púpọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ńlá kan ni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe fún àwọn tó sanra jù, kí wọ́n lè lágbára tó gba ìyókù. Àwọn kan wá jò débi pé wọn kò padà wá gba ìyókù mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá gé ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè rán an padà. Ohun kejì nìyí, ẹ gbé fóònù kalẹ̀ ná: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn a máa ti omi kíkan padà sókè ọ̀fun. Ta ló ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn nílé wa? Ta ló ń jẹ oògùn àyà títa bí ẹni ń jẹ gúgúrú? Ọ̀gbẹ́ni ibi iṣẹ́ yín, ṣé àyà ń ta òun náà?

Iṣẹ́ abẹ kejì ni wọ́n ń pè ní báípáàsì. Àbùjá lèmi ń pè é. Wọ́n á pín òkè àpòlúkù sọ́tọ̀, wọ́n á fi ṣe àpò kékeré tí kò gbà ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ, wọ́n á wá fa ìfun wá so mọ́ ọn tààrà, kí oúnjẹ gba àbùjá, kó má dé ìyókù àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun mọ́. Wọn kì í gbé àpòlúkù tó kù sọ nù. Ó wà níbẹ̀, ó ń wo oúnjẹ lókèèrè. Dókítà Edward Mason àti ẹnìkejì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Iowa lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1966. Ohun tó là á lójú ni pé àwọn obìnrin tí wọ́n ti gé lára àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sanra mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe títí ó fi di ti òde òní.

Èrè méjì ló wà níbẹ̀ tó kàn yín gan-an. Ó máa ń mú àyà títa rọlẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí kílò tó bẹ̀rẹ̀ sí jò rárá, débi pé dókítà ní láti tètè dín oògùn àtọ̀gbẹ kù. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, àtọ̀gbẹ náà á fara pa mọ́ fún ọdún pípẹ́, bó tilẹ̀ lè padà yọjú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oògùn àtọ̀gbẹ pa mọ́ sínú agolo Bournvita, mo ti rí i.

Àbùjá náà ní ìjẹníyà tirẹ̀. Máàlìtì tútù tí ẹ máa ń mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmí, tí ẹ ó sì gùfẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Bí ṣúgà bá já wọ inú ìfun lójijì bẹ́ẹ̀, òógùn á bò yín, àyà yín á máa lù kìkì, ẹ ó wá ibi tí ẹ ó dùbúlẹ̀ sí. Ọtí náà á máa tètè pa yín. Èyí tó ṣòro jù lójú tèmi ni ti orúnkún: àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen tí ẹ ń rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì máa ń dá ọgbẹ́ síbi tí wọ́n so ìfun mọ́, àwọn dókítà sì máa ń ní kí ẹni tó gba àbùjá jìnnà sí wọn. Ẹ rí i báyìí. Àyà títa ń fà yín síbí, orúnkún ń fà yín sọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá fi kámẹ́rà wo ọ̀fun yín, tí wọ́n rí i pé omi kíkan ti ń bà á jẹ́, àbùjá ni èmi yóò dìbò fún, kí orúnkún lọ mu paracetamol, kó sì máa retí kí ẹrù orí rẹ̀ fúyẹ́. Bí kámẹ́rà bá ní kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀, tí dókítà eegun sì ní ẹ kò lè yé lo ibuprofen, ó ṣeé ṣe kí slíìfù borí. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi dókítà nìyí. Iye tí wọ́n ń gbà ní Istanbul kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè.

N kò ní dókítà Tọ́kì kò mọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó ń kú lórí rẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó jìnnà sí i. Àmọ́ ojú ibi tí wọ́n gán lè jò, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ẹ̀yin sì fẹ́ fi ara tútù jókòó wákàtí mẹ́rin nínú bàálù padà wálé. Ta ni yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lẹ́yìn náà? Fítámìnì, irin àti kálísíọ̀mù di oògùn títí láé. Níbí, ó kéré tán ọdún méjì ni àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ní láti fi máa tọ́jú yín, kí jíípíì, dókítà àdúgbò wa, tó gbà á lọ́dọọdún. Ìlà àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ náà níbí gùn, mo mọ̀. Ẹ ti dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí ìlà súyà.

Ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ sì mọ Maradona. Ó gba àbùjá ní Kòlóńbíà ní 2005, ó sì jò débi pé ó ń jó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, ó tún tóbi, wọ́n sì tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún un ní Venezuela ní 2015. Ọwọ́ tó fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní 1986, òun náà ló tún fi mú ṣíbí.

Mo tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ fún yín. Slíìfù máa ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ara lọ, ẹ ó kù sí bíi kílò 96. Àbùjá máa ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ẹ ó kù sí bíi 90. Ọ̀pẹ́lẹ́ngẹ́ kò sí nínú méjèèjì. Awọ á dẹ̀. Irun a máa já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ṣùgbọ́n ti yín ti ṣáájú lọ.

Àti òkèlè. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ fojú kan án, kí ẹ̀dọ̀ yín tó jókòó sórí àpòlúkù lè sún kẹ́rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, omi ọbẹ̀ àti ohun lílọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ á wá di ọba oúnjẹ yín. Nígbà tí ẹ bá padà sídìí iyán, ẹ ó jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ọkọ mi, ẹ ó jẹ iyán lẹ́nu, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́nu kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Iyán máa ń lẹ̀, ó máa ń há. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òkèlè tó tó èékánná. Omi kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé e títí ìdajì wákàtí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbà fún yín lọ́dọ̀ jíípíì, aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi náà ń bọ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, ti inú agolo Bournvita náà.

Ní Kérésìmesì, bí a bá délé, tí Ìyá wa wo àwo iyán yín, tí wọ́n ní kí ló ń ṣe yín, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ má sọ pé ẹ ń gbààwẹ̀. Mo ti lo ìyẹn.

Ìyàwó yín,
Ìyá Dọlápọ̀